Ìtàn ọ̀rọ̀ «ménopause»: ohun tí 200 ọdún ìwádìí kọ́ wa nípa àwọn ìyá wa

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, abẹ́ ìbòrí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ọ́. Obìnrin tó bá wà láàárín 45 sí 55 ọdún, nǹkan oṣù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, títí yóò fi dúró pátápátá. Nígbà míì, ooru á ru sí i lójú àti láyà lójijì. Lóru, òógùn á bò ó bí ẹni pé wọ́n da omi lé e lórí. Oorun á dá lójú rẹ̀. Inú á máa bí i láìnídìí. Ó lè lo oògùn pàlú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, kò ní rí ìyàtọ̀, nítorí pé pàlú kọ́ ló ń ṣe é. Bó bá wá dé ilé ìwòsàn, wọ́n á kọ «ménopause» sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ó di ilé, ọmọ bi í pé kí ni dókítà wí, kò rí nǹkan kan sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ní ẹni tó bí i, ó ní ọdún tí wọ́n bí i, ó sì ní ìtàn gígùn. Ìtàn yẹn ni a fẹ́ pa fún yín, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù tàn án jẹ, kò sì ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa jìyà ní ìdákẹ́jẹ́.

Ní ọdún 1816, dókítà ará Faransé kan, Charles de Gardanne, tẹ ìwé ìmọ̀ràn jáde ní Paris fún àwọn obìnrin tó ń wọ ohun tí wọ́n ń pè nígbà náà ní «âge critique», ìyẹn ọjọ́ orí eléwu. Inú ìwé yẹn ni ó ti lo ọ̀rọ̀ tuntun kan, «ménespausie». Nígbà tó tún ìwé náà tẹ̀ ní 1821, ó gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrú, ó di «ménopause» tí a mọ̀ lónìí. Inú èdè Gíríìkì ló ti mú un: ìdajì kan jẹ́ oṣù, ìdajì kejì jẹ́ ìdádúró. Oṣù tó dúró. Ẹ ò rí i pé kò jìnnà sí tiwa? Àwọn ìyá wa ti ń sọ pé «nǹkan oṣù mi ti dúró» kí wọ́n tó bí bàbá Gardanne.

Ọ̀rọ̀ náà ni tuntun, nǹkan náà kì í ṣe tuntun. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2300 ọdún sẹ́yìn, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan oṣù máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní nǹkan bí 40 ọdún, pé àwọn míì sì máa ń bá a dé 50. Ní 1990, Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ọdún 48 ni ti tiwọn ń dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé oúnjẹ inú agolo ìsinsìnyí tàbí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ló mú un wọ ayé, ẹ bi í pé agolo wo ni wọ́n ń ṣí nígbà ayé Aristotle.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an? Kí ọmọbìnrin tó jáde nínú ìyá rẹ̀, gbogbo ẹyin tí yóò lò láyé ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n tó mílíọ̀nù kan tàbí méjì. Oṣù ń lọ, ọdún ń lọ, ẹyin ń dínkù. Nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ilé ẹyin kò lè pèsè omi ara kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ẹ́sítírójìn yìí sì ń ṣiṣẹ́ káàkiri ara: nínú egungun, nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nínú ọpọlọ, lójú ara obìnrin. Bó bá lọ sílẹ̀, gbogbo ibẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Bí oṣù 12 bá kọjá láìrí nǹkan oṣù rárá, tí kì í ṣe oyún, ìgbà yẹn ni dókítà máa ń sọ pé ó ti dúró. Kó tó pé oṣù 12 yẹn, obìnrin ṣì lè lóyún, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbàgbé.

Ṣùgbọ́n Gardanne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ èyíkéyìí nínú èyí. Ohun tí wọ́n rò ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń dì sínú ara, pé òun ló ń fa wàhálà. Nítorí náà wọ́n ń fi eṣúṣú fa ẹ̀jẹ̀ lára àwọn obìnrin. Edward Tilt, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù tó tẹ ìwé ńlá jáde lórí ọ̀ràn náà ní 1857, ń fa ẹ̀jẹ̀, ó sì tún ń fún wọn ní oògùn líle tí ń kun ènìyàn lóorun. Obìnrin tó wá nítorí ooru ara, ó padà sílé láìní ẹ̀jẹ̀ tó, ojú rẹ̀ sì ń tòògbé. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò ní ibi lọ́kàn o. Ó kàn ń tọ́jú ohun tí kò tíì yé e.

Ní 1896, ní ìlú Vienna, dókítà kan tó ń jẹ́ Emil Knauer yọ ilé ẹyin ehoro kúrò níbi tó wà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn nínú ara ehoro náà. Ilé ọmọ ehoro kò rọ, ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Èyí fi hàn pé ilé ẹyin ń rán nǹkan kan gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ, bí ọba ṣe ń rán ìlàrí sí ìletò. Ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ họ́mónù. Ní 1923, Edgar Allen àti Edward Doisy ní Amẹ́ríkà fi hàn pé họ́mónù obìnrin wà nínú omi ilé ẹyin. Ní 1929, Doisy yìí kan náà, àti Adolf Butenandt ní Jámánì, yọ ọ́ jáde ní mímọ́ láti inú ìtọ̀ aboyún, oníkálukú ní ilẹ̀ tirẹ̀.

Láti ibi tí wọ́n ti rí i, kò pẹ́ kí wọ́n tó máa tà á. Ìtọ̀ aboyún kò lè tó gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún kún fún ẹ́sítírójìn. Ní 1942, oògùn kan jáde lọ́jà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Premarin. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, «ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún» ni wọ́n gé kúrú lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣiṣẹ́. Ooru ara àwọn obìnrin tó lò ó rọlẹ̀, oorun wọn padà.

Nígbà tí oògùn bá ṣiṣẹ́ báyìí, ẹni tó ń tà á á fẹ́ kí gbogbo ayé máa lò ó. Ní 1966, dókítà kan ní New York, Robert Wilson, tẹ ìwé kan jáde tó pe àkọlé rẹ̀ ní Feminine Forever. Ó ní ìdúró nǹkan oṣù jẹ́ àrùn àìtó họ́mónù, bí ìgbà tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò ní ínsúlínì tó. Ó ní kí gbogbo obìnrin máa lo ẹ́sítírójìn títí ayé, kí wọ́n má baà gbó. Àwọn obìnrin ra ìwé náà rẹpẹtẹ, wọ́n sì ra oògùn náà rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn náà ni ó hàn sí aráyé pé owó àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn wà lẹ́yìn iṣẹ́ Wilson.

Ọdún 9 péré ni inú dídùn yẹn fi gùn. Ní Oṣù Kejìlá 1975, ìwádìí méjì jáde lọ́jọ́ kan náà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Méjèèjì sọ ohun kan: obìnrin tó ń dá ẹ́sítírójìn nìkan lò, tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà, jẹjẹrẹ ilé ọmọ ń mú irú wọn ní ìlọ́po mẹ́rin sí méje ju àwọn tí kò lò ó lọ. Àwọn dókítà wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i: ẹ́sítírójìn ń mú kí awọ inú ilé ọmọ máa nípọn, kò sì sí ohun tó ń dá a dúró. Wọ́n bá fi họ́mónù kejì kún un, irú èyí tí wọ́n ń pè ní purojẹ́sítírónì, tó ń dá awọ náà dúró. Láti ìgbà náà, òfin ni: ẹni tó ṣì ní ilé ọmọ kò gbọdọ̀ dá ẹ́sítírójìn nìkan lò bí oògùn mímu.

Ọjà tún gbérí. Wọ́n ti ń tẹ̀lé àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 120,000 ní Amẹ́ríkà láti 1976. Ìwádìí yẹn sọ pé àrùn ọkàn kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ń lo họ́mónù. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún àwọn àgbàlagbà nítorí ọkàn, kódà fún ẹni tí ooru ara kì í yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: irú obìnrin wo ló ń lo oògùn olówó gọbọi lójoojúmọ́? Ẹni tó lówó ni, tó ń jẹun dáadáa, tó ń rí dókítà déédéé. Ṣé oògùn ló dáàbò bo ọkàn rẹ̀ ni, àbí ayé tó ń jẹ?

Láti mọ òótọ́, ó di dandan kí wọ́n pín àwọn obìnrin sí méjì bí ẹni ta ayò: kí apá kan gba oògùn gidi, kí apá kejì gba kóró tí kò ní nǹkan nínú, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì mọ èyí tí òun ń lò. Ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 1991, orúkọ rẹ̀ ni Women's Health Initiative. Nínú apá tí wọ́n ti da họ́mónù méjèèjì pọ̀, àwọn obìnrin 16,608 ló wà níbẹ̀. Ní Oṣù Keje 2002, wọ́n dá a dúró lójijì kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú, àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ ju ti àwọn tí kò lo oògùn lọ.

Ìròyìn náà ràn ká gbogbo ayé bí iná ọyẹ́. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ gàdàgbà pé ewu jẹjẹrẹ ọmú fi 26 lé nínú ọgọ́rùn-ún. Mílíọ̀nù àwọn obìnrin da oògùn wọn nù. Àwọn dókítà kò kọ ọ́ mọ́. Àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà náà jáde láìkọ́ bí a ṣe ń tọ́jú obìnrin ní ọjọ́ orí yìí, àfi ìkìlọ̀.

Àwa olùkọ́ fẹ́ràn ìṣirò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká jókòó ti nọ́ńbà yẹn. Nínú 10,000 obìnrin tí kò lo oògùn, 30 ni jẹjẹrẹ ọmú mú láàárín ọdún kan. Nínú 10,000 tó lò ó, 38. Ẹni mẹ́jọ ló lé. Láti 30 sí 38, lóòótọ́ ni ó sún mọ́ 26 lórí ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n 8 nínú 10,000 ni. Bákan náà, nínú 10,000, ẹni márùn-ún ni egungun ìbàdí rẹ̀ kò kán tí ì bá kán, ẹni mẹ́fà ni jẹjẹrẹ ìfun kò mú tí ì bá mú. Nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ òótọ́. Èyí tó ń dẹ́rù bani ni wọ́n gbé sójú ìwé, èyí tó ń tuni lára ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ohun kejì tún wà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ orí àwọn obìnrin tó wà nínú ìwádìí yẹn, bí a bá pín in dọ́gba, ọdún 63 ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, nǹkan oṣù wọn ti dúró láti ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹni ọdún 63 ni ooru ara ń yọ lẹ́nu jù, àbí ẹni ọdún 50? Nígbà tí wọ́n padà lọ pín nọ́ńbà náà sí ọ̀nà ọjọ́ orí, tí wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2007, wọ́n rí i pé ewu ọkàn kò rí bákan náà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn láìpẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró, ewu ọkàn kò lé sí i. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn 20 ọdún, ó lé sí i. Ní 2017, lẹ́yìn ọdún 18 tí wọ́n ti ń tẹ̀lé wọn, iye tó kú láàárín àwọn tó lo oògùn kò ju iye tó kú láàárín àwọn tí kò lò ó.

Ní ilẹ̀ Faransé náà, àwọn kan ń ka iye tiwọn. Ètò kan tó ń jẹ́ E3N bẹ̀rẹ̀ ní 1990, nǹkan bí 100,000 obìnrin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ sì mọ irú àwọn tí wọ́n jẹ́? Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́. Olùkọ́ mọ bí a ṣe ń dáhùn ìwé ìbéèrè, wọn kì í sì í sọ ìwé nù! Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ló jẹ́ ká mọ̀ pé họ́mónù kejì yẹn kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn tó fi purojẹ́sítírónì tó jọ ti ara ènìyàn gan-an kún ẹ́sítírójìn, jẹjẹrẹ ọmú kò pọ̀ láàárín wọn bí ó ṣe pọ̀ láàárín àwọn tó lo oríṣi tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́.

Ẹ má ṣe wá gbọ́ ọ pé kò léwu mọ́ rárá. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 58 jọ, jẹjẹrẹ ọmú ti mú ohun tó lé ní 100,000 obìnrin nínú wọn. Wọ́n ní bí 50 obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ họ́mónù méjèèjì lójoojúmọ́ ní ọdún 50, tí wọ́n lò ó fún ọdún 5, ẹnì kan nínú wọn ni jẹjẹrẹ ọmú yóò mú kó tó di ọdún 70 tí kì bá mú un. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó lórí oògùn ni ewu ń pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú ti mú rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára rí, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń wá fún un. Ní Oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ yọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ nínú èyí tí wọ́n ti ń tẹ̀ sára páálí àwọn oògùn yìí láti 2003 wá. Bí ó ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn nìyẹn: oògùn ìyanu ní 1966, ẹ̀rù ní 1975, ìyanu lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rù ní 2002, ó sì tún ń rọlẹ̀ báyìí. Òótọ́ kò sí ní ìpẹ̀kun kankan. Ó wà lọ́wọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan: ọdún mélòó ni, àrùn wo ló ti ṣe é rí, ìyà wo ló ń jẹ ẹ́.

Wọ́n tún ti mọ ibi tí ooru òjijì yẹn ti ń wá. Láti nǹkan bí 1990, Naomi Rance, dókítà ní Amẹ́ríkà, ti ń wo ọpọlọ àwọn obìnrin àgbàlagbà tó ti kú. Ó rí i pé lápá ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ara ti ń díwọ̀n ooru àti òtútù, àwọn fọ́nrán kan wà tó tóbi ju ti ọ̀dọ́bìnrin lọ. Ẹ́sítírójìn ló ń ki wọ́n wọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dínkù, wọ́n di alágídí, wọ́n ń ké «ooru! ooru!» nígbà tí ooru kò sí, ara sì ń gbà wọ́n gbọ́, ó ń làágùn. Láti inú ìmọ̀ yìí ni oògùn tuntun ti jáde tí kì í ṣe họ́mónù rárá. Àkọ́kọ́ rẹ̀, fezolinetant, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní Oṣù Karùn-ún 2023. Òun náà ní ìkìlọ̀ tirẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ tiwa. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n kà láti ìbẹ̀rẹ̀, mélòó ló jọ wá? Ní 1996, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ SWAN, 3,302 obìnrin, àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ka iye ọdún tí ooru òjijì ń gùn, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015, wọ́n rí i pé ọdún 7.4 ni ti gbogbo wọn lápapọ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ ọdún 10.1. Ọdún mẹ́wàá! Ìyá tí wọ́n ní kó lọ sílé, pé yóò kọjá láìpẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó fi ọdún mẹ́wàá máa pààrọ̀ aṣọ ìbora lóru. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ni wọ́n kà o. Ti ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Kétu, ti ìyá tó ń lọ oko òwú ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó yẹ kí wọ́n kà á.

Ní tiwa, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú obìnrin, «maternité» ni à ń pè é. Ibi ìbímọ. Obìnrin ń lọ síbẹ̀ nígbà tó lóyún, nígbà tó ń bímọ, nígbà tí ọmọ ń gba abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tó bá ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí, kò rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ríru, egungun tó ń rọ, àtọ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kò wo ìyá àgbà bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún? Ẹ̀yin ará Kétu mọ̀ ọ́n ju àwa lọ: láti bọlá fún àwọn ìyá wa ni, pàápàá àwọn àgbà inú wọn. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò mọ́ ohun iyebíye tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń bá àwọn baba wa gbà. Ní 1998, Kristen Hawkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti bá àwọn Hadza gbé ní Tanzania, tí wọ́n sì rí bí àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ṣe ń wa iṣu igbó fún ọmọ-ọmọ wọn, sọ pé ìdí nìyẹn tí obìnrin fi ń pẹ́ láyé lẹ́yìn ọmọ bíbí: nítorí àti tọ́ ọmọ-ọmọ. Ní 2000, Rebecca Sear, Ruth Mace àti Ian McGregor tẹ ìwádìí kan jáde láti ìgbèríko Gambia, nítòsí wa níhìn-ín. Ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ara rẹ̀ le jù, kì í sì í tètè kú. Wíwà bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí wa, wọ́n kà á ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìyá tí oorun kò kùn lóru, tó dìde jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti gba afẹ́fẹ́, fi ń di ẹni tí wọ́n ń fura sí pé àjẹ́ ni? Ooru ló lé e jáde. Àwọn fọ́nrán inú ọpọlọ ló ń ké. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ bi í pé kí ló ń ṣe é, kí ẹ tó gba ohun tí aládùúgbò wí.

Ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ìtàn yìí.

Èkíní, ìdúró nǹkan oṣù kì í ṣe àrùn, kì í ṣe èpè. Ẹni tí kò yọ lẹ́nu kò nílò oògùn fún un.

Èkejì, ẹni tó ń yọ lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ máa fara dà á torí ìtìjú. Ìtọ́jú wà. Ẹ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí tàbí dókítà ní kedere: ooru, àìsùn, ìrora nígbà ìbálòpọ̀, gbogbo rẹ̀. Ẹ má lọ ra họ́mónù lórí àtẹ lọ́jà. Ìtàn 1975 yẹn ni ẹ rántí.

Ẹ̀kẹta, bí nǹkan oṣù bá dúró kí obìnrin tó pé 40 ọdún, kó rí dókítà, nítorí egungun àti ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló wúwo jù: bí ọdún kan bá ti kọjá tí nǹkan oṣù ti dúró, tí ẹ̀jẹ̀ wá tún rí, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, kó má ṣe sọ pé èwe ló ń padà bọ̀. Kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe nǹkan ńlá, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ, èyí tí wọ́n lè wò sàn bí wọ́n bá tètè rí i.

Ó ti lé ní 200 ọdún tí Gardanne ti fún nǹkan yìí lórúkọ. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ìgbàkígbà tí àwọn dókítà bá ṣìnà, ibi kan náà ni wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ka iye, tàbí wọ́n ka àwọn tí kì í ṣe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì rí ọ̀nà, obìnrin kan ló jókòó tó dáhùn ìbéèrè wọn. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dáhùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ bá wa kà á sétí ìyá tí kò mọ̀wé. Orúkọ wo ni ẹ ń pè é ní ìlú tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ire o.